Ọjọ́ Tí Atẹ́gùn Bá Dákẹ́

Bí atẹ́gùn bá ti dákẹ́ létí òkun, ojú gbogbo èèyàn á fà ro. Ojú Aránṣọ nìkan ni kì í fà ro. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ṣá, nítorí kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù tó kí èèyàn mọ ohun tó dùn mọ́ ọn nínú. Ṣùgbọ́n bó bá jí láàárọ̀, tó ṣí fèrèsé, tó rí i pé ewé igi ẹ̀yìnkùlé kò mì, á yára gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á kó gbogbo aṣọ kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, á wá jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò retí ẹnì kankan.

Ẹni tó ń retí ni Tíṣà.

Tíṣà yìí kì í ṣe tíṣà ilé-ìwé o. Káìtì ló fi ń kọ́ni. Aṣọ ńlá kan ni, tí wọ́n ń fi pọ́ǹpù fẹ́ atẹ́gùn sínú egungun rẹ̀ kó lè le, tí yóò máa fò lókè, tí wọ́n á wá fi okùn gígùn so ó mọ́ bẹ́líìtì ìbàdí èèyàn. Onítọ̀hún á dúró lórí pátákó, káìtì á máa wọ́ ọ sáré lórí omi. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, Tíṣà kì í kúrò lómi. Bí atẹ́gùn bá dákẹ́, káìtì tirẹ̀ kò lè gbéra, torí ó ti gbó, ó sì wúwo bí aṣọ òfì tó mu omi. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò ká a, yóò há a mọ́ abíyá, yóò gba ẹ̀yìn ilé wá sí ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ.

"Ẹ bá mi wo ibí yìí. Ó jọ pé ó fẹ́ tú."

Nígbà míì, kò sí ohun tó fẹ́ tú. Àwọn méjèèjì mọ̀. Aránṣọ á wò ó, á yí i síbìí, á yí i sọ́hùn-ún, á ní, "Lóòótọ́, ó fẹ́ tú," á sì jókòó máa rán ibi tí kò bàjẹ́.

Ó ti lé lógójì dáadáa. Aṣọ ọkọ̀ ojú omi ló ń rán, àti àgọ́, àti agboòrùn ńlá, àti káìtì. Bàbá rẹ̀, káfíńtà ọkọ̀ tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ń gbé nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ti lọ́kọ rí. Ọkọ náà jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní bátìrì rédíò lòun ń lọ rà. Ibi tó ti ra bátìrì náà jìnnà gan-an, torí kò tíì dé títí di òní. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé "mò ń bọ̀" fún Aránṣọ, ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ dúró lórí aṣọ ná. Á fetí sí ìró ẹsẹ̀ onítọ̀hún títí kò fi ní gbọ́ ọ mọ́.

Ọjọ́ kan dé tí atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Aránṣọ palẹ̀ mọ́, ó jókòó, ó dúró títí. Tíṣà kò yọjú. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kó tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi ṣì ń kán lára rẹ̀, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀ bíi ti ọmọ tó jí ẹran jẹ.

"Aránṣọ, ẹ má bínú. Omi ni mo wà."

"Lónìí? Atẹ́gùn wo lẹ rí?"

"Ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn!" Ó gbé àpò kan lé orí tábìlì. "Ọkùnrin tó ń tà á ló ní kí n gùn ún wò. Atẹ́gùn òní kò lè gbé ìyẹ́ adìẹ, àmọ́ eléyìí gbé èmi, tòun ti ikùn mi yìí."

Ó tú káìtì náà síta. Funfun ni, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Aránṣọ fi àtàǹpàkò àti ìka fọwọ́ bà á. Ó fà á síbùú, kò nà. Ó fà á lóròó, kò nà. Ó wọ́n omi sí i, omi náà yí dànù. Ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó dà bí ẹni tó gbé aṣọ ìsùn ọmọdé. Káìtì ti Tíṣà tó máa ń tún ṣe, ó ti nà láàárín bí ọrùn ẹ̀wù àgbà, ó sì ń mu omi.

"Owó rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù," ni Tíṣà wí. "Ó pọ̀ kọjá ohun tí èèyàn ń sọ jáde lẹ́nu. Àwọn kan ní orúkọ lásán là ń rà. Àwọn kan ní ẹni tó bá ti gun irú rẹ̀ kò ní lè padà sí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Pátákó rẹ̀ náà wà, fọ́nrán dúdú kan ni wọ́n fi ṣe é. Aago ọwọ́ kan tún wà tó máa ń sọ bí èèyàn ṣe fò ga tó."

"Aago yẹn, òun ló máa bá yín fò ni?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Ó dáa, aago ti lọ. Pátákó ńkọ́?"

"Àwọn tó ń kọ́ lọ́dọ̀ yín á fi gbá òkúta lọ́jọ́ kìíní. Ẹ máa lo ti yín."

"Pátákó náà ti lọ. Ó wá ku aṣọ yìí. Ẹ̀yin lẹ mọ aṣọ. Ṣé ó tó iye tí wọ́n ń pè é?"

Ọwọ́ Aránṣọ ṣì wà lórí aṣọ náà. Ó tó bẹ́ẹ̀. Kódà ó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí omi, létíkun tí atẹ́gùn rẹ̀ ń ṣahun. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Àmọ́ ó wo àga tó ti kó aṣọ kúrò lórí rẹ̀ láti àárọ̀, ó sì rántí bó ti jókòó tì í. Bí aṣọ bá lè gbéra lójú atẹ́gùn irú tòní, ọjọ́ wo ló wá kù fún òun?

"Ó fẹ́lẹ́ jù," ni ohun tó gbọ́ tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. "Òkúta etí omi wa yìí máa ya á. Ti yín ṣì dáa."

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ó fẹ́lẹ́ lóòótọ́, òkúta sì wà níbẹ̀. Ó ti sọ òótọ́ nípa aago, ó ti sọ òótọ́ nípa pátákó, èyí wá wọlé tẹ̀ lé wọn bí àlejò tí kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ rẹ̀.

Tíṣà ká aṣọ náà padà, ó rọra ká a bí ẹni ń ká aṣọ ẹni tó ń rìnrìn àjò. "Ẹ ṣeun," ló wí. "Gbogbo àwọn tó kù ni wọ́n ń fẹ́ tà fún mi tàbí kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Lẹ́yìn náà ló jókòó. Wọ́n mu tíì, wọ́n sọ̀rọ̀ títí tí wọ́n fi tan iná. Kó tó lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ òótọ́ báyìí mọ́. Ìwọ nìkan ni."

Bó ṣe pe Aránṣọ ní "ìwọ" fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀. Ìdùnnú náà kò sì jẹ́ kó lè jẹun.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni alárinà wọlé dé. Ìyá Oníyìnyín ni, obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó ń ta yìnyín fún àwọn apẹja, tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ. Kò jókòó lórí àga. Orí àpótí yìnyín tó gbé wá ló jókòó sí.

"Àbúrò mi, wọ́n rán mi níṣẹ́. Bàbá, ẹ jáde wá o, ọ̀rọ̀ yín ni. Ọkùnrin kan ní òun rí nǹkan nínú ilé yìí tó wu òun. Mo ní ṣé máṣíìnì ni? Ó ní rárá."

Bàbá fi ọwọ́ wá ògiri jáde. "Ta lọkùnrin náà?"

"Tíṣà atẹ́gùn."

"Háà." Bàbá wá àga, ó jókòó. "Ọkùnrin tó fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ atẹ́gùn! Àgbàlagbà tó ń ṣeré ọmọdé. Bí atẹ́gùn bá ní ó yá, ṣé ó máa ní kí ó dúró, kóun kọ́kọ́ lọ dágbére nílé ni?"

"Ẹ̀ẹ́n, bàbá," ni Ìyá Oníyìnyín wí, "èyí tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ ńkọ́? Ṣebí bátìrì ló ní òun ń lọ rà."

Aránṣọ bojú wo ilẹ̀. Bàbá nu imú rẹ̀.

"Mi ò ní kó má wá," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kó ṣì máa wá náà. Mò ń wò ó. Ojú mi ló bàjẹ́, etí mi kò bàjẹ́."

Báyìí ni Tíṣà ṣe ń wá. Àdúrà Aránṣọ sì gbà ju bó ṣe gbà á lọ.

Nítorí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kan ṣí ní ìpẹ̀kun etíkun lọ́hùn-ún, káìtì fúyẹ́fúyẹ́ olówó gọbọi yẹn ni gbogbo tiwọn. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá rọra ń fẹ́, àwọn tiwọn á wà lókè bí ẹyẹ lékèélékèé, ti Tíṣà á nà gbalaja lórí iyanrìn. Á fi pọ́ǹpù fẹ́ atẹ́gùn sí i, á sáré fà á, káìtì á gbéra díẹ̀, á tún já lulẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n rìn gba etí omi lọ sọ́hùn-ún, wọn kò sì padà wá.

Ọjọ́ tí atẹ́gùn dákẹ́, Tíṣà wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tó ń fẹ́ díẹ̀, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Àní ọjọ́ tó ń fẹ́ dáadáa náà, ó máa ń wá, torí kò sí ẹni tí yóò kọ́ mọ́. Aránṣọ wá rí ohun tó tọrọ, ó sì rí i pé kì í ṣe ohun tóun tọrọ nìyẹn. Ọkùnrin náà á jókòó, tíì á tutù níwájú rẹ̀. Bí Aránṣọ bá dá àpárá, á rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí àpárá ti kọjá lọ. Ó wà níbẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí Aránṣọ dá wà tẹ́lẹ̀, èèyàn kan ni kò sí nínú yàrá náà. Báyìí, àwọn méjì ni kò sí.

Á wo ọwọ́ Tíṣà lórí orúnkún rẹ̀, bó ṣe ń là á tó ń pa á dé, bíi pé okùn ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ kan á ti ọ̀fun rẹ̀ gòkè wá. Á gbé e mì.

"Mo fẹ́ sọ nǹkan kan," ni Tíṣà wí lọ́jọ́ kan. "Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní etíkun kan tó jìnnà. Ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ kì í sinmi, òkú aṣọ pàápàá á gbéra níbẹ̀. Mo fẹ́ lọ. Mo sì fẹ́ kí ìwọ náà bá mi lọ, bí ìyàwó mi."

Ọwọ́ Aránṣọ dúró lórí aṣọ. "Bàbá ńkọ́?"

"Mo mọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n máa wolẹ̀ láti àárọ̀ nìyẹn."

Láti inú yàrá, wọ́n gbọ́ tí bàbá húkọ́. Bàbá mọ iye ẹsẹ̀ tó ti ibùsùn dé ilẹ̀kùn, ó mọ ibi tí ife wà, ó mọ ìró ilé náà bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Níbòmíràn, afọ́jú ni yóò jẹ́. Adìẹ bà lókùn: bí Aránṣọ bá lọ, yóò fi bàbá sílẹ̀, bí kò bá lọ, ìró ẹsẹ̀ kan tún máa lọ tí kò ní gbọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ta okùn náà.

Ó lọ bá Ìyá Oníyìnyín níbi tó ti ń fọ́ yìnyín. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ní kúkúrú kúkúrú, bí ẹni ń tu egungun ẹja lẹ́nu. Obìnrin náà gbé òòlù sílẹ̀.

"O ò sọ fún un?"

"Mi ò sọ."

"Má sọ o! Ṣé orí ẹ dàrú ni? Èmi náà sọ fún ọkọ mi pé mi kì í hanrun. Ọgbọ̀n ọdún rèé, ó ṣì ń rò pé ìjì ni. Wò ó, ọkùnrin lè dárí ji ẹni tó jí ajá ẹ̀, kò ní dárí ji ẹni tó sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́ lójú iṣẹ́ ẹ̀. Sọ fún un pé kó dúró, sunkún sí i, ó máa dúró."

"Bó bá dúró, kí ló máa fi ṣe iṣẹ́?"

Ìyá Oníyìnyín tún gbé òòlù rẹ̀.

Aránṣọ kò lọ sí etí omi rí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ òun àti Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ló máa ń wá. Lọ́jọ́ yẹn, ó wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ rìn lórí iyanrìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì. Tíṣà wà nínú ahéré tó ń kó ẹrù iṣẹ́ sí, ó ń di okùn sínú báàgì. Ojú rẹ̀ là nígbà tó rí i. Ó rò pé ó wá sọ pé òun á bá a lọ ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ nira.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ni Aránṣọ wí.

"Kí ló tó bẹ́ẹ̀?"

"Káìtì funfun yẹn. Ó tó iye tí wọ́n pè é. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò lè ya bí mo ṣe sọ. Bó bá tiẹ̀ ya, èmi wà ńbẹ̀, màá rán an." Ó mí. "Bí ẹ bá rà á, ẹ ò ní máa wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Ọjọ́ tí atẹ́gùn ò bá sí nìkan ni mo ní. Mo... ẹ̀rù bà mí ni."

Tíṣà kò pariwo. Aránṣọ ti múra sílẹ̀ de ariwo. Ọkùnrin náà jókòó lórí báàgì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Gbogbo àsìkò yìí," ló wí, "mo rò pé èmi ni. Mo rò pé apá mi ló ti rọ. Bí mo bá ń wo àwọn tọ̀hún lókè, mo máa ń sọ fún ara mi pé, bàbá àgbà, ìwọ ló ti tán, kì í ṣe aṣọ. O jókòó síwájú mi, o ń wò mí bí mo ṣe ń rò bẹ́ẹ̀."

"Mi ò mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ ń rò nìyẹn."

"O ò béèrè."

Òótọ́ ni. Kò béèrè. Ó yí padà, ó rìn lọ sílé. Kò sí ẹsẹ̀ kankan tó tẹ̀ lé e lórí iyanrìn.

Tíṣà kò kúrò nílùú. Ìyá Oníyìnyín ló mú ìròyìn wá pé ó ti ta alùpùpù rẹ̀, ó ti ra káìtì funfun náà. Kò pẹ́ tí Aránṣọ fúnra rẹ̀ fi rí i. Àárọ̀ kan tí ewé kò mì, ó ṣí fèrèsé, aṣọ funfun kan ṣoṣo wà lókè òrùlé níhà ọ̀dọ̀ Tíṣà, ó dúró jẹ́ẹ́, ó ń tàn. Àwọn tó ń kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ a máa dúró ní fèrèsé wo aṣọ náà. Inú rẹ̀ dùn sí i, àyà rẹ̀ sì ń dùn ún, kò mọ èwo ló ju èkejì lọ. Aṣọ àgọ́ tó yẹ kó rán kún orí àga. Kò kó o kúrò mọ́.

"Máṣíìnì rẹ kò dún mọ́," ni bàbá wí.

"Iṣẹ́ ni ò sí, bàbá."

"Lánàá, èèyàn mẹ́ta ló wá gbé iṣẹ́ fún ẹ. Mo sọ fún ẹ pé etí mi kò bàjẹ́." Bàbá ń fi ọwọ́ pa etí àga rẹ̀, bíi pé ó ń wá ibi tí kò tíì dán. "Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn tí mo sọ nípa ọkùnrin yẹn, kì í ṣe atẹ́gùn ló ń bà mí lẹ́rù. Èmi náà ń bẹ̀rù kó má wá ku èmi nìkan nínú ilé yìí."

Aránṣọ fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti bàbá. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, àwọn ojo méjì, wọ́n ń gbọ́ òkun.

Ọ̀sán ọjọ́ kan wá dé tí atẹ́gùn ń fẹ́ tó ń gbọn páànù òrùlé. Gbogbo etíkun ló ti bọ́ sómi. Aránṣọ wà nídìí agboòrùn kan tí ọ̀pá rẹ̀ ṣẹ́, kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ lọ síta. Òjìji kan bo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè. Tíṣà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò gbé nǹkan kan dání, ojú rẹ̀ le koko.

"Ẹ káàbọ̀," ni Aránṣọ wí.

"Inú ń bí mi sí ẹ."

"Mo mọ̀."

"Kò tíì tán nínú mi rárá. Mi ò mọ ìgbà tó máa tán."

"Mo gbọ́."

"Mo ti ń dá bínú nílé láti ọjọ́ yẹn. Èmi nìkan, pẹ̀lú ògiri. Kò dùn. Èèyàn á sọ̀rọ̀ burúkú tán, kò ní sí ẹni tó máa fèsì." Ó wọlé, ó kó aṣọ àgọ́ kúrò lórí àga, ó wá ibi tó máa gbé e sí, kò rí, ó gbé e lé itan, ó jókòó. "Mo ní kí n kúkú wá máa bínú níbí."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá abẹ́rẹ́ tí kò jábọ́.

Láti inú yàrá, bàbá húkọ́. "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Ẹni tó ń bínú sí mi ni, bàbá."

Páànù ń gbọ̀n lókè.

"Ṣé ó ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun o, bàbá," ni Tíṣà fúnra rẹ̀ fèsì, tìbínú-tìbínú, kò sì dìde.